Ohun Tó Ṣeé Tà àti Èyí Tí Kò Ṣeé Tà: Ìtàn Ẹrù Àlòkù ní Ìlú Benin

Nínú ìtàn ìlú Benin, tí í ṣe olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Ẹdó lónìí, bí ẹrù kan bá jókòó sí kọ̀rọ̀ ilé láìsí ẹni tó ń lò ó, ìyẹn nìkan kò tíì sọ ọ́ di ohun títà. Ìbéèrè tó máa ń ṣáájú ni ti ẹni tó ni ẹrù náà gan-an: ṣé ẹni tó ń gbé inú ilé ni, àbí Ọba, àbí àwọn baba ńlá tó ti lọ, àbí gbogbo ọmọ tí olóògbé fi sílẹ̀ lápapọ̀? Nísinsìnyí tí àwọn ènìyàn ń ya fọ́tò àga àti fíríìjì wọn, tí wọ́n ń gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí oníbàárà lè rí i, ó rọrùn láti rò pé àṣà òkèèrè ni kí ènìyàn máa ta ohun tí kò lò mọ́ nínú ilé rẹ̀. Àmọ́ ó ti lé ní ọ̀rúndún márùn-ún tí ìlú Benin ti ń gba àlòkù wọlé, tó ń pààrọ̀ rẹ̀, tó sì ń yọ́ ọ láti fi ṣe nǹkan mìíràn, àkọsílẹ̀ tó sì wà nípa ọjà náà fi hàn pé ọ̀rọ̀ ta-ló-ni-ín ló ń darí rẹ̀ ju ọ̀rọ̀ pé ẹrù ti pọ̀ jù nínú ilé lọ.

Iyùn ni àpẹẹrẹ tó hàn jùlọ. David van Nyendael, oníṣòwò ará Netherlands kan tó dé ìlú náà ní 1699 àti ní 1702, kọ ìròyìn kan tí Willem Bosman tẹ̀ jáde nínú ìwé rẹ̀ ní 1704, níbi tó ti ṣàlàyé pé Ọba fúnra rẹ̀ ló ń fi okùn iyùn sí ìjòyè lọ́rùn, àti pé ikú ni ìjìyà ìjòyè tó bá jẹ́ kí iyùn náà sọnù tàbí kí olè jí i. Ohun tó wà nídìí òfin líle yìí ni pé iyùn oyè kì í ṣe ti ẹni tó wọ̀ ọ́. Ohun tí a fi sí ìkáwọ́ rẹ̀ ni, bí ìjòyè bá sì kú, ààfin ló ń padà sí. Yorùbá tó sọ pé ẹni tó lẹrú ló lẹrù kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ìtumọ̀ ètò yìí kiri. Ìjòyè lè ní yàrá tó kún fún ọrọ̀ lójú àlejò, síbẹ̀ kí ó jẹ́ pé olùtọ́jú lásán ló jẹ́ lórí èyí tó níye lórí jùlọ nínú rẹ̀.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ idẹ rí. Igun Eronmwon ni orúkọ ẹgbẹ́ àwọn asúdẹ, ìyẹn àwọn ìdílé tó ń rọ idẹ láti ìran dé ìran ní àdúgbò tí a mọ̀ sí Igun, Ọba nìkan ni wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ fún láyé àtijọ́ àyàfi tí ó bá fún wọn láṣẹ. Orí idẹ tí wọ́n ń gbé sórí ojúbọ àwọn Ọba tó ti wàjà kò gbọ́dọ̀ sí ní ilé ẹlòmíràn. Igi ni àwọn ìjòyè fi ń gbẹ́ tiwọn. Ní ti ará ìlú, ohun tó ṣe pàtàkì jùlọ lórí ojúbọ bàbá rẹ̀ ni ukhurhẹ, ọ̀pá igi tí a gbẹ́ ní oríkèé-oríkèé láti dúró fún àwọn tó ti kú. Ukhurhẹ lè gbó, ikán lè máa jẹ ẹ́, kò sì sí iṣẹ́ ojoojúmọ́ kan tí a ń fi ṣe nínú ilé, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa gbé e lọ sọ́jà.

Ilẹ̀ Benin kò ní ibi ìwakùsà bàbà, nítorí náà òde ni gbogbo idẹ ibẹ̀ ti ń wá, ó sì sábà máa ń jẹ́ nǹkan mìíràn kí ó tó di iṣẹ́ ọnà. João Afonso de Aveiro, ọmọ ilẹ̀ Portugal, dé ìlú náà ní nǹkan bí 1486, ní ìgbà Ọba Ozolua, kò sì pẹ́ tí èbúté Ughoton fi di ibi tí wọ́n ti ń gba ẹ̀gbà idẹ àti ẹ̀gbà bàbà tí àwọn òyìnbó ń pè ní mànílà. Duarte Pacheco Pereira, ọmọ ilẹ̀ Portugal mìíràn, tó kọ ìwé ìrìn-àjò ojú omi rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 16, ṣàkọsílẹ̀ pé ẹ̀gbà 12 sí 15 ni wọ́n fi ń ra ẹrú kan ní agbègbè náà, àkọsílẹ̀ tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tó ń yin ẹwà idẹ Benin fò kọjá. Ní 1548, ilé iṣẹ́ ìdílé Fugger ti Jámánì tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú ọba Portugal láti máa pèsè irú ẹ̀gbà bẹ́ẹ̀ fún òwò Áfíríkà. Ní 2023 ni onímọ̀ Tobias Skowronek àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde, lẹ́yìn tí wọ́n ti yẹ òjé tó wà nínú mànílà láti inú àwọn ọkọ̀ ojú omi tó rì wò, wọ́n sì rí i pé irú idẹ tó ti ilẹ̀ Rhineland ní Jámánì wá ló bá ọ̀pọ̀ iṣẹ́ idẹ Benin mu.

Owó ni mànílà, ohun èlò iṣẹ́ sì ni lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá kó o pa mọ́ lè ná an, ó lè fi san nǹkan orí ìyàwó, bí ó bá sì bọ́ sí ọwọ́ asúdẹ, iná ló ń lọ. Iṣẹ́ tó bá bàjẹ́ nínú amọ̀, èyí tó bá ya tàbí tí idẹ rẹ̀ kò bá kárí, padà sínú ìkòkò ìyọ́dẹ ni wọ́n ń dà á. Lójú asúdẹ, kò sí idẹ àlòkù.

Ní February 1897 ni ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí Ọ̀gágun ojú omi Harry Rawson kó sòdí gba ìlú Benin, lẹ́yìn tí àwọn jagunjagun Benin ti pa James Phillips, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, àti ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó tẹ̀ lé e ní oṣù tó ṣáájú. Iná jó apá púpọ̀ nínú ìlú náà ní ọjọ́ 21 oṣù yẹn, wọ́n sì lé Ọba Ovonramwen lọ sí Calabar, níbi tó kú sí ní 1914. Nínú ohun tí àwọn ọmọ ogun náà rí ni ọgọ́rọ̀ọ̀rún àwo idẹ pẹlẹbẹ tí àwòrán àwọn Ọba, ìjòyè àti jagunjagun wà lára wọn. Olfert Dapper, ará Netherlands, ti kọ̀wé ní 1668 nípa òpó ààfin tí irú àwo bẹ́ẹ̀ bò láti òkè dé ilẹ̀, ṣùgbọ́n ní 1897 wọn kò sí lára òpó mọ́: inú yàrá ìkẹ́rù kan ni wọ́n wà, tí eruku ti bò wọ́n. Ojú tí àwọn òyìnbó fi wò wọ́n ni ojú tí ènìyàn fi ń wo ẹrù tí onílé ti gbàgbé. Síbẹ̀, àlàyé kan tó ti ẹnu àgbà ìlú jáde ní ọ̀rúndún 20 ni pé ààfin ń tọ́jú àwọn àwo náà kí wọ́n lè yẹ̀ wọ́n wò nígbà tí àríyànjiyàn bá ṣẹlẹ̀ lórí bí a ṣe ń múra tàbí bí a ṣe ń tò fún ayẹyẹ. Ìwé àkọsílẹ̀ ni wọ́n, wọ́n sì wà níbi tí ìwé àkọsílẹ̀ máa ń wà.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tà nínú ìkógun náà láti fi dí owó ogun, àwọn ọ̀gá ológun pín òmíràn, àwọn oníṣòwò bí William Downing Webster sì tẹ ìwé àfihàn ọjà jáde láti fi tà wọ́n fún àwọn olówó Yúróòpù. Nínú nǹkan bí 300 àwo tí wọ́n pàtẹ sí British Museum, ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Lọ́ńdọ̀nù, ní September 1897, ilé náà gba 203 ní 1898; ìyókù di títà. Láàrín 1950 àti 1972 ẹ̀wẹ̀, ilé àkójọ yìí kan náà yẹ àká tirẹ̀ wò, àwọn alábòójútó rẹ̀ pinnu pé àwọn àwo kan jọra jù, pé ẹ̀dà ni wọ́n, wọ́n sì yọ̀ǹda àwo tó ju 30 lọ nípa títà tàbí ìpààrọ̀. Ìjọba Nàìjíríà, tó ń kó ohun èlò jọ nígbà náà fún ilé àkójọ tí wọ́n ṣí sí Èkó ní 1957, wà lára àwọn tó san owó fún wọn. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni àwọn onímọ̀ wá ṣàlàyé pé èjì-èjì ni wọ́n dá ọ̀pọ̀ àwo náà láti ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n lè kọjú sí ara wọn lórí òpó. Bí a bá ń wá àpẹẹrẹ ẹni tó palẹ̀ ilé mọ́ láìmọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, tó sì tún tà á fún àwọn ọmọ tí wọ́n jí i kó lọ́wọ́ bàbá wọn, kò pọn dandan kí a wá jìnnà.

Lẹ́yìn tí Eweka II gorí oyè ní 1914, ètò àtijọ́ kò padà bọ̀ sípò tán. Ọba yìí mọ iṣẹ́ ọnà fúnra rẹ̀, ó gba àwọn asúdẹ níyànjú láti padà sẹ́nu iṣẹ́, ó sì jẹ́ kí wọ́n máa tà fún ẹnikẹ́ni tó bá lè san owó, ìbáà jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn tàbí arìnrìn-àjò. Ẹni tó ń rà ti pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n Ọba kò pèsè idẹ mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ọwọ́ ará ìlú ni asúdẹ ti ní láti máa wá a. Látìgbà náà ni ìkòkò bàbà tó ti lu, ọpọ́n ìwẹ̀ àtijọ́ àti èèpo ọta ìbọn tí wọ́n ti yìn tán ti di ohun tí ènìyàn lè gbé láti ilé rẹ̀ lọ sí Òpópónà Igun kí ó sì gba owó bọ̀.

Àsìkò tí ìjọba fúnra rẹ̀ sọ mànílà, tó jẹ́ owó, di àlòkù wáyé níta Benin, ní ìlà oòrùn Nàìjíríà, kò sì yẹ kí a fò ó. Mànílà ṣì ń ná ní àwọn ọjà agbègbè Owerri àti Calabar títí di àárín ọ̀rúndún 20, iye tó sì dúró fún ń lọ sókè-sódò sí owó ṣílè, èyí tó ń pa àwọn tó ń gba owó oṣù lára. Láti October 1948 sí March 1949 ni ìjọba amúnisìn fi ra mànílà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, tí wọ́n fi ṣílè pààrọ̀ rẹ̀. Ó lé ní mílíọ̀nù 32 ẹ̀gbà tí àwọn ènìyàn hú jáde láti inú ìkòkò, abẹ́ ibùsùn àti ilẹ̀, ìjọba sì tà wọ́n gẹ́gẹ́ bí àjákù irin. Láti April 1949 ni ó ti lòdì sí òfin láti fi mànílà ṣòwò, àyàfi díẹ̀ tí a gbà láàyè fún ètò ìbílẹ̀. Ẹrù tó ti inú ilé ènìyàn jáde lẹ́ẹ̀kan náà tó báyìí ṣọ̀wọ́n nínú ìtàn Nàìjíríà.

Bí Ọba Eweka II tilẹ̀ dẹ ọwọ́ lórí idẹ, òfin ogún kò dẹwọ́ lórí ilé. Igiogbe ni ilé tí ọkùnrin Ẹdó gbé títí ọjọ́ ikú rẹ̀, tí wọ́n sì sábà máa ń sin ín sí. Àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin, tí Yorùbá yóò pè ní dáwódù, nìkan ló ń jogún rẹ̀, lẹ́yìn tó bá ti parí ètò ìsìnkú ní kíkún. Ìyókù dúkìá ni wọ́n ń pín ní urho-urho, ìyẹn ní ìdílé ìyá kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí Yorùbá ṣe ń pín ogún ní ìdí-igi, lábẹ́ ojú Okaegbee tí í ṣe olórí ẹbí. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti yàtọ̀ sí ti Yorùbá ni pé ilé bàbá kì í di ti gbogbo ọmọ. Òfin Ìwé Ìpíngún ti Ìpínlẹ̀ Bendel àtijọ́, tó jẹ́ ti 1976, fi agbára ìwé ìpíngún sábẹ́ àṣà ìbílẹ̀ tó bá kan ọ̀rọ̀ náà, nínú ẹjọ́ Idehen àti Idehen ní 1991 ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sì ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ọmọ Benin kò lè fi ìwé ìpíngún gbé Igiogbe fún ẹni tí kì í ṣe àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin.

Ohun tí èyí ṣe sí ẹrù inú ilé kò kéré. Títí tí wọ́n á fi parí ìsìnkú, tí owó rẹ̀ sì lè mú kí ó falẹ̀ fún oṣù tàbí fún ọdún, olùtọ́jú lásán ni àkọ́bí jẹ́ lórí gbogbo dúkìá, ẹni tó bá sì gbé rédíò bàbá tàbí ẹ̀rọ amúnáwá rẹ̀ lọ sọ́jà ṣáájú ìpín yóò dáhùn níwájú ẹbí. Bẹ́ẹ̀ ni yàrá olóògbé ṣe ń di títì pa tòun ti àga, àpótí aṣọ àti aago ara ògiri. Àlejò tó bá rí i lè sọ pé ìdílé náà kò mọ bí a ṣe ń palẹ̀ ilé mọ́, nígbà tó jẹ́ pé ohun tó ń rí ni ogún tí a kò tíì pín.

Ìrìn-àjò sí òkèèrè ló tún yí ọ̀rọ̀ padà. Láti nǹkan bí 1980 síwájú ni àwọn obìnrin oníṣòwò láti Benin ti ń lọ sí Ítálì láti ra wúrà, bàtà àti aṣọ, ọ̀nà tí wọ́n là sì di èyí tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ gbà lẹ́yìn wọn, títí kan àwọn tí àwọn tó ń fi ènìyàn ṣòwò tàn lọ. Kí ọmọ kan lè lọ, ìdílé a ta ilẹ̀, a ta mọ́tò, a sì ta ohun ọ̀ṣọ́ ìyá, nítorí náà ohun tí wọ́n ń tà kì í ṣe èyí tí wọn kò lò mọ́ rárá. Ní March 2018 ni Ọba Ewuare II pe àwọn olórí ẹ̀sìn ìbílẹ̀ jọ sí ààfin, tó fi àwọn tó ń kó ènìyàn ṣòwò gégùn-ún, tó sì tú àwọn tí àwọn oníṣòwò ènìyàn wọ̀nyí ti mú búra sílẹ̀ kúrò lábẹ́ ìbúra wọn.

Àwọn tó lọ kò dá ọwọ́ ẹrù dúró. Mọ́tò tòkunbọ̀ tó ń ti Yúróòpù bọ̀ kì í wá ní òfìfo: mátírẹ́ẹ̀sì, kẹ̀kẹ́, tẹlifíṣọ̀n àti àwo oúnjẹ láti inú ilé àwọn òyìnbó tó ń tú ilé wọn palẹ̀ ni wọ́n ń tò sínú rẹ̀. Ní ọjà Uwelu àti ọjà Evbareke, níbi tí wọ́n ti ń ta ohun èlò mọ́tò àlòkù, ẹ́ńjìnnì àlòkù láti òkèèrè ni wọ́n ń pè ní “Belgium”, ọ̀pọ̀ oníbàárà sì gbà á gbọ́ ju èyí tó jẹ́ tuntun tí kò ní orúkọ lọ. Òfin kọ́sítọ́ọ̀mù kà á léèwọ̀ láti kó aṣọ àlòkù, táyà àlòkù àti fíríìjì àlòkù wọ Nàìjíríà; ẹni tó bá ti rìn ní ọjà Benin, tó ti rí àwọn tó tẹ òkìrìkà sílẹ̀, mọ bí òfin náà ṣe lágbára tó. Láàrín ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, bí ìgbì jápà ti dé, tí owó náírà sì jábọ́ lẹ́yìn June 2023, ìtajà àwọn tó ń lọ ti di ohun tó wọ́pọ̀ láàrín ìlú, lórí Jiji tàbí Facebook tàbí lẹ́nu ọ̀nà ilé, nítorí pé fíríìjì tuntun ti wọ́n kọjá agbára ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́. Àwọn ọmọ tó ń ta ẹrù báyìí sábà máa ń jẹ́ ayálégbé, ohun tí wọ́n sì fi owó ara wọn rà ni; ẹbí kò ní ohun tí yóò béèrè lọ́wọ́ wọn.

Èyí tí kò bá rí oníbàárà, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ra kọ́ńdẹ́mù, ìyẹn àjákù irin, ló ń lọ. Ọmọlanke wọn ń gba àdúgbò kọjá láàárọ̀, òṣùwọ̀n sì ń rọ̀ sára rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ omi àtijọ́ wá, òòfà ni ẹni tó ń rà á máa fi kàn án ṣáájú: bí òòfà bá mú un, irin ni, iye rẹ̀ kò tó nǹkan, bí kò bá mú un, yóò fi fáìlì ha ojú rẹ̀ díẹ̀ kí ìbòrí tó ń dán lókè lè ṣí, bí ó bá sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ lábẹ́, idẹ ni, ọ̀tọ̀ ni àpò tí yóò jù ú sí. Irú ẹ̀rọ omi bẹ́ẹ̀, kọ́kọ́rọ́, ìdè ilẹ̀kùn àti ohun èlò ẹ́ńjìnnì ni àwọn asúdẹ Igun ń rà. Wọ́n á kọ́kọ́ fi ìda mọ àwòrán sórí amọ̀, wọ́n á fi amọ̀ pupa bò ó, wọ́n á fi wáyà dì í, iná á sì mú kí ìda yọ́ jáde. Ibi tí ìda fi sílẹ̀ ni wọ́n ń da idẹ gbígbóná sí. Nígbà tí ẹ̀rọ omi bá ń yọ́, èéfín funfun tó ń jáde ni tútíyà inú rẹ̀ tó ń jó, asúdẹ tó gbọ́n kì í sì í gbé imú sí i.

Ìbéèrè ta-ló-ni-ín kò fi ẹnu òṣùwọ̀n náà sílẹ̀. Ẹ̀rọ omi ilé-ìwé, wáyà iná ìjọba àti ìdérí kòtò ojú títì ni àwọn olè ń kó, nítorí pé irin tó bá ti wọ iná kò ní àmì olówó rẹ̀ mọ́. Òfin Ìwà Ọ̀daràn tó wọ́pọ̀ ní gúúsù Nàìjíríà sọ pé ẹni tó bá gba ohun tí a jí nípa ẹ̀ṣẹ̀ ńlá, tó sì mọ̀ pé wọ́n jí i ni, lè lọ sí ẹ̀wọ̀n tó tó ọdún 14, èyí tó fi jẹ́ pé àwọn tó ń ra kọ́ńdẹ́mù tí wọ́n fẹ́ dákẹ́ jẹ́ jẹun máa ń béèrè ìwé ìrajà lọ́wọ́ ọmọdé tó bá gbé wáyà bàbà wá, bí kò bá sì ní in, wọ́n á ní kí ó lọ pe bàbá rẹ̀ wá.